Kí La Ó Fi Ránṣẹ́ sí Ìyá Pẹ́kámù?

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, mi ò fẹ́ kí Bàbá Onílé gbọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí o. Àwọn fúnra wọn wà níbi ìpàdé tí a ti sọ ọ́. Àmọ́ bí wọ́n bá gbọ́ pé mò ń sọ ọ́, wọ́n á ní kí n jẹ́ kí àwọn sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, ọ̀rọ̀ kékeré á wá di ìtàn ogun Ìjàyè.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Pẹ́kámù ni. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ agboolé yìí lè má mọ̀ ọ́n, àmọ́ ojoojúmọ́ lẹ ń rí ohun ìní ìyá rẹ̀. Ìkòkò ńlá ẹ̀yìnkùlé yẹn, tí Ìyá Ẹlẹ́wà gbin ewúro sí, tí ẹ máa ń fi ẹsẹ̀ kọ lóru tí ẹ ó máa ṣépè, ìkòkò aró ni. Aláró ni ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọn nídìí iṣẹ́, ó ní láti fi ọwọ́ kan di imú, nítorí aró tó bá kan dáadáa a máa rùn. Èmi àti ọmọ wọn yìí la jọ dàgbà. A jọ kiri, a jọ jí ẹ̀pà jẹ, a jọ jẹ ẹgba rẹ̀. Ọkọ ló mú un lọ sí London, ó dó sí Pẹ́kámù, ó bímọ síbẹ̀, ó ti ń rí ọmọ ọmọ báyìí. Bí ọmọ agboolé yìí bá wọ ilé ìwé gíga, ọwọ́ rẹ̀ á wà níbẹ̀. Bí òrùlé bá jò, owó rẹ̀ á wà nínú páànù tuntun. Nígbà tí àdúgbò dáwó tiransifọ́mà, tirẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, tí àwọn kan tó ń lo iná yẹn títí dòní, mi ò pe orúkọ, kò tíì san kọ́bọ̀.

Ó wá fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp pé òun máa pé ọgọ́ta ọdún, pé ká bá òun dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó kó gbogbo wa sí yọ́ọ́yọ́ọ́: "Ẹ má dààmú o, mi ò fẹ́ nǹkan kan."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ máa bẹ̀rù ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ nǹkan kan. Ẹni tó ní òun fẹ́ bàtà, ẹ ra bàtà fún un, ó parí. Ẹni tí kò fẹ́ nǹkan kan, ẹ ò rà, ẹ ti gbàgbé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ rà, á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tó wà lọ́kàn òun tí òun ò sọ fún yín lẹ rà. Ọkọ mi àkọ́kọ́ rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lónìí.

La bá pe ìpàdé lórí ohun tí a ó fún un. Ká tó mẹ́nu kan ẹ̀bùn rárá, ọjọ́ orí kọ́kọ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó sí kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, a rò pé wọ́n ń sùn. Wọ́n la ojú kan. "Ta ló pé ọgọ́ta?" A ní Ìyá Pẹ́kámù ni. Wọ́n la ojú kejì. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ní 1966 ni wọ́n bí i, ìwé náà ò sì ní ẹnu tí á fi jiyàn. Ìyá Àgbà ní lẹ́yìn ìdìbò October 1965, nígbà wẹ́tíẹ̀, tí wọ́n ń da pẹtiróò sílé onílé, tí wọ́n ń da á sára ọmọ ènìyàn, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá òun á délé, ọmọ yìí gan-an ni wọ́n rán lọ ra ẹ̀kọ lójúde, tó pẹ́ kó tó dé, tí ìyá rẹ̀ ká ọwọ́ lérí. "Ṣé inú oyún ló ti ń ru abọ́ ẹ̀kọ ni?"

Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣírò rẹ̀ síta. Àfi Sísí Télọ̀ tó bú sẹ́rìn-ín, nítorí òun ló rántí ohun tí Ìyá Pẹ́kámù fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé fún wa. Ní London, bí ẹni tó ń gbé ìlú náà bá ti pé ọgọ́ta, káàdì Oyster kan wà tí wọn á fún un, tí á máa fi wọ bọ́ọ̀sì àti rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ gbọ́dọ̀ ti lù kó tó lò ó, bẹ́ẹ̀ sì ni kò burú, arúgbó wo ló ń sáré lọ síbì kan kó tó di aago mẹ́sàn-án? Oògùn tí dókítà bá kọ fún un, ọ̀fẹ́. Àyẹ̀wò ojú, ọ̀fẹ́. Ẹ wá wò ó báyìí. Ẹni tó bu ọdún díẹ̀ kúrò lára ọjọ́ orí rẹ̀ nítorí fọ́ọ̀mù ti ń fi owó ara rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì fún gbogbo ọdún tó bù yẹn! Sísí Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. A wá a títí, abẹ́ ìjókòó Bàbá Onílé la ti rí i, ìyẹn sì ni ọ̀kan nínú ìdí tí ìpàdé fi pẹ́.

Bàbá Onílé dájọ́. Wọ́n ní ohun tí ìwé bá wí la ó ṣe, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé wẹ́tíẹ̀ dé orí fóònù. Ìyá Àgbà ní ó dáa, àmọ́ wọ́n ti gbọ́ pé ọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi káàdì kí ẹni tó bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n ní kí a sọ fún ọmọ náà pé káàdì ọba á pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó má bínú.

Nígbà tí a wá dé orí ọ̀rọ̀, Bàbá Onílé ló kọ́kọ́ dábàá. Aago ògiri. Aago tó ní fọ́tò Ìyá Pẹ́kámù láàárín, tí ọwọ́ aago á máa yí kọjá lójú rẹ̀, tí wọ́n á sì kọ orúkọ agboolé wa sí nísàlẹ̀ pẹ̀lú wúrà. Kì í ṣe wúrà gidi. Ẹ mọ èyí tí mo ń wí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ṣé ẹ ti wọ ilé ìdáná wa láìpẹ́ yìí?" Kò sí abọ́ kan níbẹ̀ tí kò ní ojú ènìyàn. Abọ́ tí mo fi ń jẹ ẹ̀bà, bàbá kan tó ṣe àádọ́rin ọdún ní Mọ́níyà ló wà ní ìdí rẹ̀. Mi ò mọ bàbá náà rí. Ọ̀rẹ́ àbúrò ọkọ mi ló fà mí lọ sí òde wọn. Àmọ́ bí mo bá ti gé òkèlè tó kẹ́yìn, ojú wọn á yọ, wọ́n á máa wò mí tìyanu-tìyanu pé mo ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ike tí mo fi ń wẹ̀, ìyá kan tó wé gèlè rẹpẹtẹ ló wà lára rẹ̀. Mo máa ń yí ojú wọn sí ògiri kí n tó bọ́ṣọ. Táwẹ́ẹ̀lì mi, sùfíníà òkú ni. Bí mo bá ti nu ojú, "Ó dìgbóṣe, Màmá" ni mo ń kà. Ṣé ẹrù yìí la fẹ́ dì lọ bá ọmọ ọlọ́mọ nílé rẹ̀ nínú òtútù?

Ohun tó fà á ni pé àwa ò mọ bí wọ́n ṣe ń fún ọlọ́jọ́ ìbí lẹ́bùn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Nílẹ̀ tiwa níbí, ọlọ́jọ́ ìbí ló ń fún àlejò. Àlejò á ra aṣọ ẹbí, á wá, á jẹ ìrẹsì, á jẹ mọ́ín-mọ́ín, á jó, á gbé ike, á gbé táwẹ́ẹ̀lì, á tún bèèrè pé ṣé kò ku ọ̀kan fún ìyá òun tí kò lè wá. Mo ti rí ìyá kan tó gbé ike mẹ́ta lọ láti òde tí kò mọ orúkọ ẹni tó ń ṣe é. Ó ní "Ẹ kú ìnáwó, Alhaji," fún pásítọ̀.

Ìyá Wòlíì wá ní owó ni ká kó jọ. Wọ́n ní nígbà ayé tiwọn, owó ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọlọ́jọ́ ìbí níwájú orí, ọ̀rọ̀ tán. Ọmọ onífóònù tó wà ní yàrá iwájú sì dá wọn lóhùn, ọmọ yẹn ò lè panu mọ́, pé ìyẹn ti di ẹjọ́. Òótọ́ ló sọ. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ní ẹni tó bá ń fọ́n náírà, tó ń jó lé e lórí tàbí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ máa ṣẹ̀wọ̀n, ó kéré tán oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò ní dín ní 50,000 náírà, tàbí kó fojú winá méjèèjì. Àwọn ènìyàn rò pé eré ni, títí adájọ́ fi ju Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára nì, sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní April 2024 láìsí àyè owó ìtanràn. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Wòlíì fúnra wọn, bí wọ́n bá dé òde, wọ́n á fi owó sínú ènfílọ́ọ̀pù, wọ́n á rọra tì í sábẹ́ gèlè ẹni tí wọ́n ń ná an fún. Ó dà bí ẹni ń jalè padà.

Mo ní kí wọ́n tiẹ̀ gbàgbé òfin. Owó tí gbogbo agboolé yìí bá tu jọ, kó tó di pọ́n-ùn, á ti joro. Ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sí wa láti ọdún gbọ́nhan, kí àwa náà wá máa fi owó ránṣẹ́ sí i! Ṣé ṣéńjì rẹ̀ la fẹ́ dá padà fún un ni?

Ìyá Alápatà ò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ẹran ni tiwọn. Wọ́n ní àwọn á sun kúndi tí yóò gbẹ koko, àwọn á fi pọ̀nmọ́ Ìjẹ̀bú tó nípọn lé e, pé ọmọ náà á jẹ ẹ́, á rántí ilé. Ẹran a máa ránni létí ilé lóòótọ́, àmọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kó wọ ilẹ̀ wọn. Ẹran tàbí wàrà tó bá ti ọ̀dọ̀ wa lọ, ì báà gbẹ, ì báà dín, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹni. Ẹja ni wọ́n gbà láyè, títí dé kílò 20. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Onílé ti dán an wò rí. Wọ́n ṣí báàgì rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, òyìnbó kan fi ìbọ̀wọ́ gbé kúndi sókè, ó bi í pé kí nìyí. Ó ní oògùn ni. Òyìnbó ní oògùn àìsàn wo? Ó ronú títí, ó ní ti ẹsẹ̀. Òyìnbó wo kúndi, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jù ú sínú garawa.

Ìyá Ẹlẹ́wà wá rẹ́rìn-ín músẹ́ pé ẹ̀wà kì í ṣe ẹran. Èmi ni mo wá jẹ́ kí wọ́n mọ̀, ẹnu mi ló sì kó bá mi. Mo ní láti 2015, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà láàárín àwọn ará Yúróòpù, ni wọ́n ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí wọ́n bá oògùn apakòkòrò dichlorvos nínú rẹ̀ ju èyí tí ara lè gbà lọ. Àwọn tó ń fín in sí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́ ló kó wa sí i. Ojú Ìyá Ẹlẹ́wà yí. "Ẹ̀wà tèmi?" Mo ní kì í ṣe tiyín, ẹ̀wà orílẹ̀-èdè ni mò ń wí. "Ẹ̀wà tí ìwọ náà ń gbà láwìn?" Wọn ò dá ìkíni mi lóhùn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Àwìn náà sì di èèwọ̀.

Gbogbo ìjà oúnjẹ yìí, lórí asán ni. Ẹni tí kò bá mọ Pẹ́kámù ló ń kó èlùbọ́ lọ síbẹ̀. Òpópónà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rye Lane. Ìyá Pẹ́kámù fi fídíò rẹ̀ hàn mí: iṣu ló tò sílẹ̀ yẹn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ata rodo, gààrí, ẹja gbígbẹ, ìgbín tó ń fà kiri nínú agbada, àwọn ìyá sì ń ná ọjà pẹ̀lú ohùn òkè bí ẹni pé ọjà Bódìjà ni wọ́n wà. Ohun tó lè wọ sílípáàsì lọ rà nítòsí ilé rẹ̀, ẹrù lásán ni fún ẹni tó bá gbé e kọjá òkun. Ohun tí a sì fẹ́ kí gbogbo ayé rí pé àwa la fún un, tiwa ni ẹ̀bùn yẹn, kì í ṣe tirẹ̀. Mo sọ èyí síta, mo sì wo aago Bàbá Onílé lójú.

Sísí Télọ̀ ní aṣọ òkè. Ẹ ò retí ohun mìíràn lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìkòkò la fẹ́ rà, Sísí Télọ̀ á wá bí wọ́n ṣe máa rán an. Ó ní kí òun lọ sí Ọjẹ́ nígbà tí ìtàdógún ọjà bá pé, kí òun yan ẹtù. Ìyá Wòlíì ní ẹtù ti dúdú jù fún ọjọ́ ayọ̀, àlààrí pupa ni kó jẹ́. Bàbá Onílé ní sányán ló yẹ àgbàlagbà. Ìyá Alápatà ní èwo ló kan àwọn nínú àwọ̀, ṣé ti Ìṣẹ́yìn ni àbí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ hun? Wọ́n jà á títí òòrùn fi yí. Èmi mọ ohun tí mo mọ̀: Ìyá Pẹ́kámù ti ní aṣọ òkè tó kún àpótí. Òde ìgbéyàwó kì í tán ní Old Kent Road, gbogbo ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní àwọ̀ gèlè tirẹ̀. Ó ti sọ fún mi pé orí àpótí náà ni òun máa ń jókòó lé kó tó lè padé.

Ìyá Àgbà ló tún dá sí i. Wọ́n ní, "Kí ni ìyá rẹ̀ ń ṣe láyé?"

Aró. Ojú gbogbo wa lọ sí ìdí ewúro.

Ẹ jẹ́ n sọ ti adìrẹ ẹlẹ́kọ fún ẹ̀yin ọmọdé, nítorí ẹ rò pé adìrẹ ni gbogbo aṣọ tó bá ti ní búlúù. Wọ́n á se lááfún, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, á di ẹ̀kọ tó ki. Ìyẹ́ adìyẹ tàbí ọwọ́ ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ ọnà náà sára aṣọ funfun, ojú kan ṣoṣo. Bó bá gbẹ, wọ́n á rì í sínú aró tí wọ́n fi èlú àti omi eérú ṣe. Wọ́n á yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún yọ ọ́, títí á fi dúdú bó ṣe yẹ. Ibi tí ẹ̀kọ bo, aró ò ní ríbi wọ̀ ọ́ dáadáa. Bí wọ́n bá wá hó ẹ̀kọ náà kúrò, ọnà á yọ. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti gbé eérú fún ìyá rẹ̀ títí irun orí mi fi funfun kó tó di pé ó funfun.

Oríṣiríṣi ọnà ló wà. Olókun wà. Àmọ́ èyí tó jẹ́ tiwa nílùú yìí ni Ìbàdàndùn. Wọ́n á pín aṣọ sí ojú igun-mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọnà tirẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni òpó gbọ̀ngàn Màpó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó sí òpó. Ẹ má bi mí pé kí ni ṣíbí ń ṣe láàárín òpó ìjọba. Bóyá ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ mọ̀ pé ibi tí ìjọba bá dúró sí, jíjẹ ò ní jìnnà. Abẹ́ òpó Màpó yẹn ni èmi àti Ìyá Pẹ́kámù ti ń sá òjò nígbà tí a bá ń kiri. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Rye Lane. Èyí tó wà ní London, British Museum ló kó irú rẹ̀ pa mọ́, wọn ò sì ní gé ọ̀pá méjì fún un.

Mo ṣèèṣì wá sọ pé ní 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè, àwọn aláró wa kọ àwòrán ọba àti olorì rẹ̀ sára adìrẹ, pé Olóba ni wọ́n ń pè é. Bàbá Onílé fò dìde. "Ẹ ti rí i! Ojú ènìyàn lára ẹ̀bùn, ti ayé àtijọ́ ni!" Ọ̀rọ̀ aago tún jí dìde. Ìyá Àgbà ló fi igi ti ọ̀nà fún wọn. Wọ́n ní ojú ọba náà tí àwọn rí lára aṣọ nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá fi hàn án, kò ní mọ̀ pé òun ni.

Rírà rẹ̀ wá di iṣẹ́. Adìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti Ṣáínà ló kún ìgboro, ó rọjú, ó ń dán, ó sì ń tan ènìyàn jẹ. Èmi ní àyẹ̀wò tèmi: mo máa ń kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò ra á. Aró gidi tó jẹ́ tuntun á yí ọwọ́ rẹ lára. Lẹ́yìn náà, wo ojú igun-mẹ́rin méjì tó ní ọnà kan náà. Bí wọ́n bá bára mu régé láìyẹ̀, ẹ̀rọ ni, ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, nítorí ojú kan ni wọ́n ń kọ ẹ̀kọ sí. Obìnrin tó wá ṣe é fún wa, Òṣogbo ló ti kọ́ iṣẹ́, níbùdó tí Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ ní 1983. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Owó rẹ̀ náà ò kéré, mo sì máa padà sórí ìyẹn.

A ní kó jẹ́ àṣírí. Ẹ ẹ̀ rí i, àṣírí nínú agboolé tí ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo wà! Ọmọ onífóònù tẹ́ aṣọ sórí ẹní, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé e sí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp rẹ̀ pé "Iṣẹ́ ń lọ." Ìyá Pẹ́kámù sì wà lára àwọn tó ń wò ó. Kò sọ̀rọ̀ aṣọ fún wa rárá, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ohùn kan ló fi ránṣẹ́: "Ẹ dákun, ẹ má ra aago o."

Ta ló sọ ti aago fún un? Aago ò sí lórí fóònù kankan. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Èmi kọ́ o! Ẹ wo ojú mi dáadáa. Ìyá Wòlíì ń bá a gbàdúrà lórí fóònù ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́rú, ẹ lọ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń kó sínú àdúrà.

Nínú ohùn kan náà ló ti wá jẹ́wọ́ ohun tó fẹ́, ẹni tí kò fẹ́ nǹkan kan! Ó ní ọmọ ọmọ òun bi òun pé kí ni orílẹ̀ wọn, òun bẹ̀rẹ̀ sí í kì í fún un, ó sì já mọ́ òun lẹ́nu láàárín ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ tó máa ń kì í láràárọ̀ ti lọ. Lọ́hùn-ún, orúkọ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè, wọn ò tiẹ̀ pe ìyẹn náà dáadáa. Ìyá Àgbà ní kí a gbé fóònù wá lójú ẹsẹ̀. Wọ́n tún ọ̀fun ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba ńlá rẹ̀, wọ́n ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, jẹnẹrétọ̀ Bàbá Onílé ń kùn lẹ́yìn, adìyẹ ń ké. Wọ́n dé ibi tó dùn jù, ibi tí èmi gan-an ti ń nu ojú, ni iná bá dé, gbogbo ọmọ àdúgbò sì pariwo "Ọ́pù NEPA!" Ọmọ onífóònù fẹ́ gé e kúrò. Mo ní bó bá gé e, màá gé òun náà. Odidi rẹ̀ la fi ránṣẹ́. Ìyẹn ò ní kílò, kọ́sítọ́ọ̀mù ò sì lè tú u.

Aṣọ ló kù. Bí a bá fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ̀bùn tó bá ju pọ́n-ùn 39 lọ, wọ́n á gba owó orí VAT lé e, ìdá 20 nínú 100, ọwọ́ ẹni tí a fún lẹ́bùn ni wọ́n sì máa ń gbà á. Kí ọlọ́jọ́ ìbí wá san owó oore tí a ṣe é! Àlàájà òpópónà kejì ló gbà láti bá wa gbé e, wọ́n ń lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ wọn. Báàgì wọn ò gbọdọ̀ ju kílò 23 lọ, ata gígún ló sì ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní kò burú, àwọn á ró adìrẹ náà mọ́ra wọ ọkọ̀ òfuurufú. A ké gbàjarè. Aró tuntun! Kí wọ́n tó dé Heathrow, wọ́n á ti di búlúù láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, kí òyìnbó tún gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. A bẹ̀ wọ́n, wọ́n yọ ata díẹ̀ sílẹ̀. Ata yẹn wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ rà á kó sọ̀rọ̀.

Ó ku owó aláró. Ìlàjì péré la ti san, obìnrin náà sì ti ń pè mí lálẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni Àlàájà ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ pariwo jù níbi ìpàdé, ẹ̀yin ẹlẹ́tù, ẹ̀yin alálààrí, ẹ̀yin alápatà, ẹ mú owó tiyín wá fún mi kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá mú un wá, mi ò ní pe orúkọ rẹ̀ síta. Ìyá Pẹ́kámù nìkan ni màá sọ fún.